Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà ní Ojú-ìwé Kẹrìnlélọ́gọ́ta

Ilé Kejì sí Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Àtijọ́,
Òpópónà Kóòtù.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Rí sí Ìwé Kíkà àti Ìdánwò,
Ilé Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÒDO TÍ WỌ́N FÚN ỌMỌ-ỌMỌ MI LÓRÍ ẸJỌ́ TÓ JẸ́ TÈMI

1. Èmi ni Ìyá Aránṣọ. N kò mọ̀wé. Aládùúgbò mi tó ń tẹ taipú ní kóòtù kó tó fẹ̀yìn tì ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi iyọ̀ sí i, kó má sì bu ata rẹ̀ kù.

2. Ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí wà ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìwé òfin orílẹ̀-èdè àti àwọn ẹjọ́ ńlá tó fìdí òfin múlẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Inú mi ń dùn sí i títí di ọjọ́ tó ka ojú-ìwé kẹrìnlélọ́gọ́ta sí mi létí, tí mo bá ara mi níbẹ̀. "Ẹjọ́ Opó Aránṣọ àti Ìgbìmọ̀ Ìlú" ni wọ́n pè é.

3. Ìwé yín sọ pé Ìgbìmọ̀ Ìlú ti ìsọ̀ opó kan pa láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, pé opó náà pè wọ́n lẹ́jọ́, àti pé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ohun ìní ẹlòmíràn láìjẹ́ kó rojọ́. Títí dé ibẹ̀, ẹ kò purọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì kóòtù tí ẹsẹ̀ mi ń wú. Ṣùgbọ́n ìwé náà fi kún un pé: "Opó náà sì gba ìsọ̀ rẹ̀ padà." Ẹ tún ya àwòrán obìnrin kan tó rẹ́rìn-ín dé etí, tó na kọ́kọ́rọ́ sókè. Ẹ bá mi kí ẹni tó yà á. Eyín obìnrin náà pé ju tèmi lọ.

4. Ọdún méjìlélógún nìyí tí wọ́n ti dájọ́ náà. Àgádágodo Ìgbìmọ̀ Ìlú ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ìsọ̀ mi. Mo máa ń yọjú wo ẹ̀rọ ìránṣọ mi láti ojú fèrèsé. Wọ́n ti to àwọn àga tó kán ní ọ́fíìsì wọn lé e lórí. Bí mo bá mú ìwé ìdájọ́ lọ, akọ̀wé wọn á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Á ní ìdájọ́ ńlá ni, á ní wọ́n fi kọ́ òun náà ní yunifásítì. Lẹ́yìn náà, á ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

5. Nínú ìdánwò yín, ẹ bèèrè ibi tí ẹjọ́ Opó Aránṣọ parí sí. Ọmọ mi kọ ọ́ pé: "Wọ́n dá a láre, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ṣílẹ̀kùn fún un. Mo mọ̀, nítorí pé ìyá ìyá mi ni." Òdo nínú mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Máàkì méjìdínlógójì ló wá ní. Ogójì ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n ní yóò kúrò ní kíláàsì òfin lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń sọ pé òun yóò di lọ́yà, kí òun lè wá ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

6. Èmi àti aládùúgbò mi lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Ọmọlúàbí ni, ó fún mi ní àga tí kò kán. Ó ní, "Ìyá, ohun tó wà nínú ìwé la ń máàkì." Mo ní èmi ló wà nínú ìwé. Ó ní kí n má bínú, olóògbé ni ẹni inú ìwé. Ó ṣí àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé hàn wá, aládùúgbò mi sì kà á: olóògbé lóòótọ́. Ẹ ṣeun tí ẹ sin mí láìyọ ará ilé mi lẹ́nu.

Mo bi olùkọ́ pé kí ni ẹjọ́ yìí wà fún. Ó ní kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ènìyàn kí a tó dá a lẹ́jọ́. Àwọn tó bí mi kò ka ìwé òfin kankan, wọ́n mọ̀ pé agbọ́tẹnìkan-dájọ́ ni àgbà òṣìkà. Mo wá bi í pé ta ló gbọ́ tẹnu ọmọ yìí kí wọ́n tó fún un ní òdo. Ó wo aago. Ó ní àfi bí Ìgbìmọ̀ yín bá pàṣẹ.

7. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pàṣẹ. Bí ọmọ mi bá sọ òótọ́, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé, kí ẹ sì tún ìwé yín ṣe. Bó bá jẹ́ pé ìwé yín ló tọ̀nà, a jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ obìnrin inú àwòrán yẹn. Ẹ bá mi sọ fún un kó mú un wá. Èmi àti ọmọ tó gba òdo yóò dúró dè é lẹ́nu ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí kò bá dá wa mọ̀, kó wo ẹni tí kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Èmi ni tiyín, tí kò tíì kú,

(Àtàǹpàkò mi nìyí.)
Ìyá Aránṣọ,
Opó Ojú-ìwé Kẹrìnlélọ́gọ́ta.