Mo Ti Kó Àwọn Ike Rẹ Kúrò Lóòrùn

Abúlé Ṣọládé,
Lọ́nà Adó-Odò.

Naimat ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́, torí mo mọ ara mi, bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, màá kí ọ títí ìwé yóò fi kún, mi ò sì ní lè sọ ọ́ mọ́. Àwọn ike pẹlẹbẹ tí o tò sórí òrùlé wa, tí o ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, èmi ìyá rẹ ti kó wọn kúrò lóòrùn. Ó ti pẹ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń gbé. Àwọn àwòrán tí mò ń fi ránṣẹ́ sí ọ lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ tí mo bá yà wọ́n nìkan ni àwọn ike náà ń fojú kan oòrùn, wọn kì í sì í pẹ́ níbẹ̀.

Ó ti jáde. Wàyí o, àsàláámù àlékùn, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé yàrá tí o gbà ní Sango ò tíì máa jò? Ṣé ooru ẹ̀rọ tí ẹ fi ń yọ́ ike ò tíì fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ gbẹ? Ọlọ́run Ọba tó ń bọ́ ẹyẹ tí kò dá oko, á bọ́ ọ, á sì máa ṣọ́ ìka ọwọ́ rẹ láàárín àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn. Bàbá rẹ kí ọ. Eyín rẹ̀ tó ń dùn ún ti yọ fúnra rẹ̀ níbi tó ti ń jẹ àgbàdo sísè, ó ní kí o má wulẹ̀ ra oògùn bọ̀ mọ́. Ewúrẹ́ wa bímọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ò fẹ́ràn ìyá rẹ̀, èmi ló ń tẹ̀ lé kiri.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí o kó wọn wá, tí bàbá rẹ kan pátákó tí o tò wọ́n sí, o ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún wa dáadáa, mi ò ní purọ́ pé o ò ṣàlàyé. O ní èéfín àti eruku ti bo òrùlé iléeṣẹ́ yín ní Ọ̀tà, oòrùn ibẹ̀ ò mọ́, ti abúlé ló mọ́. Inú mi dùn pé a ní nǹkan kan tí ẹ̀yin ará ìlú ò ní. O ní ọ̀gá yín, Ọ̀gbẹ́ni Johnson, ló fẹ́ kí ẹ máa lọ ike àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun láti fi ṣe tánkì omi, kó lè dínwó, ìwọ sì fẹ́ wo bóyá oòrùn á pa á. O ní bó bá yege, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lórí kọ́ńtíráàtì, wọ́n á sọ ọ́ di sítáàfù gidi. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, mo ń mi orí. Ṣùgbọ́n nígbà tí o lọ tán, ohun tó kù létí mi ò ju pé àwọn nǹkan yìí ló máa sọ ọ́ di sítáàfù. Ohun tó máa gbé ọmọ mi ga, ṣé màá wá jókòó lábẹ́ òrùlé kí ó máa jìyà lókè?

Mo gun àkàbà lọ wò wọ́n. Naimat, wọ́n ṣe mí láàánú. Àwọ̀ búlúù wọn ti ń ṣí, wọ́n ti ń funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò fi òróró pa nígbà ọyẹ́, àárín wọn tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìbàdí wúńdíá tún wá dà bíi pé ebi ń pa wọ́n. O mọ̀ pé mo kàwé. Oyún rẹ ni mo gbé jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde, mo sì yege nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Tíṣà wa ní oòrùn dára fún ewé, ó dára fún egungun ọmọdé. Kò sọ ti ike. Ni mo bá kó wọn sínú igbá, mo kó wọn sọ̀kalẹ̀, mo fi kànrìnkàn tó rọ̀ wẹ̀ wọ́n, mo fi òrí pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wé wọn sínú híjáàbù rẹ àtijọ́, mo tì wọ́n sínú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá jẹ́ aṣọ lo sá, tí mo rí i pé oòrùn ń jẹ ẹ́, ṣé o máa ní kí n má kó o ni? Bó ṣe rí lójú mi nìyẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí mo bá ti wẹ̀ láti lọ kírun, màá tún wọn tò sórí pátákó, màá ya àwòrán, màá dá wọn padà sílé.

Lọ́sẹ̀ kan ni o wá kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé Màámi, wọn ò ṣá, wọ́n tiẹ̀ ń dán sí i. O fi àwọn ojú kéékèèké tí omi ń dà lójú wọn sí i. Mo rò pé ẹkún lò ń sun. Mo pe bàbá rẹ, ó fi gíláàsì rẹ̀ wò ó, ó ní ẹkún ni, omijé rèé gbangba. A jókòó, a ṣe àdúà fún ọ, bàbá rẹ ò jẹun alẹ́. Ọjọ́ kejì ni Fàtímọ̀, ọmọ Àlhájà Kùdírátù, sọ fún wa pé ẹ̀rín ni, pé bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. O ní Ọ̀gbẹ́ni Johnson bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ fura pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ rẹ, mo ní kí n jẹ́ kó dé ọ̀la. Ọ̀la dé, mo tún ní ọ̀la. Láti ìgbà náà, bí o bá pè mí, mo máa ń rí i. Mo máa ń da bàsíà bo fóònù náà ni, torí Fàtímọ̀ sọ fún mi pé ojú méjì ni fóònù ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, mi ò sì mọ èyí tó máa fi òrùlé òfìfo hàn ọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí rèé. Lọ́jọ́ Àlàmísì tó kọjá, tánkì Àlhájà Kùdírátù tó wà lórí irin lẹ́yìn ilé rẹ̀ là sí méjì. Kì í ṣe ti iléeṣẹ́ yín o, fọkàn balẹ̀, ẹlòmíràn ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Oòrùn ló ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ níbi tó dúró sí. Omi wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé gààrí, ó gbé ìyẹ̀fun. Ibi tí ẹ̀là tánkì já lù gan-an ni Fàtímọ̀ ti ń fọ abọ́ kó tó dìde lọ mú ọṣẹ. Ọṣẹ ló gba ọmọ yẹn là. Àlhájà dúró nínú ẹrẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ní ta ni ìyá ẹni tó ṣe tánkì yìí, òun fẹ́ rí i, òun fẹ́ bi í bóyá oúnjẹ ló fi tọ́ ọmọ náà tàbí yèèpẹ̀. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi, ó ní àbí Ìyá Naimat, ṣé irú èyí kọ́ ni tiyín máa ṣe fún wa báyìí? Yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo bá wọn gbá omi.

Mo padà sílé, mo gun òrùlé. Mo rí ọ̀kan tó bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mò ń kó wọn, tó há sínú kòtò páànù. Èyí ni mi ò wẹ̀, tí mi ò fi òrí pa. Ó ti funfun bí eérú. Mo ní kí n mú un, ó kán sí mi lọ́wọ́ bí èlùbọ́. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ mú ọ̀kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ká a, kò kán. Ọmọ ìyá kan náà sì ni wọ́n. Mo wá jókòó sílẹ̀.

O kọ ọ́ sí mi lórí fóònù pé Ọ̀gbẹ́ni Johnson ò tiẹ̀ fẹ́ kí o wá kó wọn mọ́, pé àwòrán ti tó, kí o kọ ìròyìn rẹ, kí o fọwọ́ sí i, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tánkì. Naimat, má fọwọ́ sí i. Bí o bá ti fọwọ́ sí i, lọ gbà á padà. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ni, pé ará abúlé ni, pé kò mọ̀. Kí wọ́n bú mi, mo lè gbà á. Mi ò fẹ́ kí obìnrin kan dúró nínú ẹrẹ̀ kí ó máa béèrè mi.

Mo mọ ohun tí mò ń ní kí o sọ nù. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi, mo sì mọ̀ pé ó ti rẹ ìwọ náà. Ejẹ́ǹtì tó bá ọ wá iṣẹ́ náà ń tún kọ́ńtíráàtì kọ, ó ń tún un kọ. Bí wọ́n bá gbé ọ lọ sí Àgbárá, o lọ. Bí wọ́n bá dá ọ padà sí Ọ̀tà, o padà. Mo máa ń sọ fún bàbá rẹ pé wọ́n kàn sá ọmọ wa sóòrùn ni, kí wọ́n lè mọ ìgbà tó máa sán. Bóyá ìdí tí mi ò fi lè wo àwọn ike yẹn nìyẹn.

Èyí tó kán, mo dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Rauf tó ń wa mọ́tò ló ń mú un bọ̀. Bí o bá fẹ́ tún òmíràn tò sórí òrùlé, ibẹ̀ wà fún ọ. Mo ti gbé àkàbà fún Àlhájà Kùdírátù, mo ní kó má dá a padà.

Lóṣù yìí, mi ò béèrè owó. Pa á mọ́, bóyá wàá nílò rẹ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí òótọ́ tí o bá sọ pa ọ́ lára, á fi ọ̀nà tó dára ju èyí lọ hàn ọ́, kò ní jẹ́ kí n sin ọ́, ìwọ ni wàá sin èmi àti bàbá rẹ lọ́jọ́ alẹ́. Àmín.

Rauf á dúró lẹ́nu géètì yín gba èsì. Bí kò bá sì ráyè dúró, pè mí. Mo ti ṣí bàsíà kúrò lórí fóònù. Jọ̀wọ́, tètè dá mi lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ruqoyah.