Àpótí Tí Mo Gbé Padà

Festac Town,
ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì, 1979

Ìyá Bùnmí,

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni n kò ti rí oorun sùn: ẹsẹ̀ rẹ tó wú, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tí n kò rántí bóyá mo tì, àti ojú ọmọ wa tí ọkọ rẹ̀ lù wú. Má fòyà, ojú náà ti ń là díẹ̀díẹ̀.

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ló gba òun àti Ẹ̀bùnlọlá sílé. Yàrá wọn mọ́. Wọ́n ti fi Ẹ̀bùn sílé ìwé, wọ́n sì ń kọ́ Bùnmí ní aṣọ rírán. Ó ń jẹun dáadáa.

Ẹ̀bùn nìkan ni kò kí mi. Bó ṣe rí mi, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, Bàbá àgbà ti dé. Ṣé kí n kó aṣọ wa?"

O rántí pé nígbà tí àwọn àna wa wá dọ̀bálẹ̀ lọ́dún tó kọjá, èmi fúnra mi ni mo gbé àpótí Bùnmí padà sílé ọkọ.

Misis Ọláníran, olórí wọn, fún mi ní àga. "Ẹ jókòó, Bàbá. Àga yìí kì í géni jẹ. Tí àwọn àna yín bá tún wá dọ̀bálẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní mo ti darúgbó, n kò lè gbé àpótí mọ́.

Mo mọ̀ pé gbogbo yín ní kí n mú Bùnmí bọ̀. Bá mi kí àbúrò mi Gbádégẹṣin àti gbogbo ará ilé. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, èmi nìkan ni n ó gbéra.

Ọkọ rẹ,
Adébánjí