Ẹyin Inú Àpò Ṣòkòtò

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá
Ọmọbìnrin wa ló ra ìwé yìí. "Dádì, bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ kọ ọ́." Ó dáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ti pé tí ìyàwó mi kú. N kò tíì sunkún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ akin o — omijé náà ni kò wá.

Mo ṣèlérí fún ọmọ wa: màá gbá gọ́ọ̀fù ní gbogbo Àbámẹ́ta oṣù yìí. Bí oṣù bá ń parí lọ tí n kò rí adùn kankan níbẹ̀, màá kó àwọn ọ̀pá mi fún ẹni tó bá fẹ́ wọn. Ẹnu rẹ̀ gbà, ojú rẹ̀ kò gbà.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi, Dókítà Eyín, la jọ gbá a lónìí. Eyín ló ń yọ fún àwọn ènìyàn níbi iṣẹ́. Tó bá dé pápá, ọ̀rọ̀ ló ń yọ lẹ́nu wa. Ìrì lórí koríko, bàtà tutù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé koríko náà, ó ń ta sánsán. Tẹ́lẹ̀, òórùn yẹn nìkan tó láti mú mi súfèé. Lónìí mo kàn mọ̀ pé koríko ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ
Rán ṣòkòtò méjì ní ṣọ́ọ̀bù. Jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá
Òjò. Wọ́n ti pápá. Kò dùn mí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá
Abọ́ aláwọ̀ búlúù lójú fèrèsé ilé ìdáná. Mo ka ohun tó wà nínú rẹ̀: bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù mọ́kànlélógún.

Èmi ni mo rán ṣòkòtò gọ́ọ̀fù mi, mo sì rán àpò rẹ̀ jìn — télọ̀ ni mí, n kì í fi aṣọ ṣahun. Bọ́ọ̀lù á wọ ìsàlẹ̀ àpò, màá gbàgbé rẹ̀. Tó bá di inú ẹ̀rọ ìfọṣọ: gbì, gbì, gbì. Ìyàwó mi á pariwo láti ẹ̀yìnkùlé: "Bàbá Télọ̀, adìẹ yín ti yé o!" Èmi á ní: "Gbé ẹyin náà pamọ́, ó máa tó di òròmọ." Á sì kó bọ́ọ̀lù náà sínú abọ́ búlúù yìí. Ogún ọdún, àwàdà kan ṣoṣo. A ò yéé fi rẹ́rìn-ín.

Ọmọ wa ló ń bá mi fọṣọ báyìí. Ó máa ń yẹ àpò wò dáadáa kó tó fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún
Dókítà Eyín ní mò ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni ń pa eṣinṣin. Òótọ́ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n
Ihò keje, èyí tó wà lódìkejì omi. Bọ́ọ̀lù Dókítà Eyín ti wọgbó, ó ń wá a kiri. N kò dúró dè é. Mo gbá tèmi. Ó fò kọjá omi, ó balẹ̀, ó yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó wọ ihò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbá a. Ohun tí agbágọ́ọ̀fù ń gbàdúrà fún títí dọjọ́ alẹ́. Mo yọ ọ́, mo fi sápò.

Mo sọ fún Dókítà Eyín. Ó ju ọ̀pá sókè, ó dì mọ́ mi. Ní kílọ́ọ̀bù wa, ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó kà á sí. Ó ní òun á fọwọ́ sí i. Mo ní kò rí i. Inú bí i: "Ogún ọdún la ti ń wá nǹkan yìí! Ó dé tán, o wá ń ṣe bí ẹni gé èékánná!"

Mo tọrọ àforíjì. Mo ní kó wá kó ọ̀pá mi lọ́jọ́ Ajé. Ó ń nu awò ojú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n
Ọmọ wa padà sílé ọkọ rẹ̀. Ilé dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n
Mo fọṣọ fúnra mi. Mo da ọṣẹ sí i, mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, mo lọ jókòó mu tíì.

Gbì, gbì, gbì.

Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là: "Gbé ẹyin náà pamọ́, ó máa tó di òròmọ!" Mo sì ń dúró kí ẹnìkan rẹ́rìn-ín.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀rọ. Mo sunkún débi pé aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn. Mo ń sọ fún un pé bọ́ọ̀lù wọ ihò, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbá a, ìyàwó mi ò sì tíì gbọ́. Kò yé e. Ó dì mí mú.

Bọ́ọ̀lù ti di méjìlélógún nínú abọ́.

Dókítà Eyín dé nírọ̀lẹ́. Ó wo ojú mi tó wú. Kò béèrè ọ̀pá. Ó ní, "Àbámẹ́ta, aago méje." Mo ní kó má pẹ́.