Ẹ̀wà Tó Wà Nínú Chwejang Mi

Bàbá Okran,

Ẹ má wá mi lọ sí oko. Okran ti gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà pè láàárọ̀ yìí, ó ní àwòrán inú mi ti jáde, pé kókó kan bí ẹ̀wà sóyà wà nínú chwejang mi. Mo ní, "Dókítà, ogójì ọdún ni mo ti ń fi ẹ̀wà po doenjang, jang tí a fi ń se ọbẹ̀, sí ìkòkò. Jang wo ni kì í ní ẹ̀wà nínú?" Ó rẹ́rìn-ín títí. Àṣé chwejang kì í ṣe jang ìkòkò, ẹ̀yà inú kan tó sá pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù ni.

Irú kókó yìí kì í pọ̀. Òun ló ń mú kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀ kí n tó jẹun àárọ̀, tí mo fi ń ṣe bí wèrè. Ọ̀la ni wọ́n máa yọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀.

Bí òjò bá ṣú, ẹ bo àwọn ìkòkò. Bí mo bá ṣi chwejang kọ, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ àgbà wa kò tíì kọ́ wa dé ibẹ̀.

Ṣíbí tí mo jù lù yín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kókó yẹn ni, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹ̀gbọ́n yín lánàá, mo ti jẹun yó kí n tó sọ ọ́.

Ìyá Okran