Ìwé Àyẹ̀wò Tí A Kò Fún Bàbá Kúlà

Sí ìyá àwọn ọmọ àti gbogbo ẹbí,

Ọkàn wa gbọgbẹ́, ojú sì ń tì wá, bí àwa òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti ń kọ̀wé yìí sí yín lórí ìpapòdà ọkọ yín, awakọ̀ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kúlà.

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ń kó ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wá sọ́dọ̀ wa láti àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dákú lójú ọ̀nà, wọ́n gbé kúlà, àpótí oníyìnyín tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, lé èjìká, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé. Yìnyín inú rẹ̀ kò tíì yọ́ tán.

Ẹ̀yin náà mọ ìyẹn. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ló mú kí ìwé yìí ṣòroó kọ.

Ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, a gba ẹ̀rọ tuntun tó ń wo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti àwọn àmì mìíràn tó ń kìlọ̀ àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kí wọ́n tó dé. A ń wá ẹni tí ara rẹ̀ le tí a ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dán an wò. Bàbá Kúlà ká apá aṣọ sókè. Wọ́n ní, "Ẹ fà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ru ti ẹlòmíràn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rá tí ẹ̀rọ rí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó yẹ. A wo Bàbá Kúlà: wọn kò sanra, wọn kì í mu sìgá, gígun àtẹ̀gùn kì í rẹ̀ wọ́n. A ní ẹ̀rọ ló ń ṣì wá lọ́nà. A tún fa ẹ̀jẹ̀ wọn, bákan náà ni. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní kò sóhun tó ṣe é. Síbẹ̀, a lọ fa ti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Tirẹ̀ dára, inú wa sì dùn pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́; a kò rò ó pé èsì Bàbá Kúlà náà lè jẹ́ òótọ́. Ọ̀gá wa fọwọ́ ara rẹ̀ ti ìwé èsì Bàbá Kúlà sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Kúlà béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ti gbọ́ràn, ọ̀gá ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa." Wọ́n kí wa kú oríire, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, wọ́n jáde.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àtẹ̀gùn wa. Wọ́n rọra gbé kúlà kalẹ̀ kí wọ́n tó ṣubú. Ìgò kan kò fọ́.

A kò lè búra pé wọn ì bá wà láàyè lónìí ká ní a sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n wọn ì bá ti rí dókítà, wọn ì bá ti máa lo oògùn. Ẹ̀tọ́ wọn ni ìwé èsì náà. Ó wà nínú àpòòwé yìí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ yóò wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí ẹ bá gbà á láyè, láti dáhùn ohunkóhun tí ẹ bá bi í. Irú àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí, nítorí náà a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ àti ti àwọn àbúrò Bàbá Kúlà wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọwọ́ yín ni èsì yóò kọ́kọ́ dé.

Kí Ọlọ́run tu ẹ̀yin àti àwọn ọmọ nínú. Kí Ó dúró tì yín níbi tí àwa kò ti dúró ti ọkọ yín.

Àwa òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀