Ọmọrogùn Tó Ń Sọnù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka orúkọ mi síta.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè l'Óṣogbo ni ọkọ mi. Ọmọrogùn ló fi máa ń nà mí. Nígbà tó yá, ọmọrogùn ń sọnù nílé, mo sì ń bá Àpìkẹ́, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́fà, wí. Lọ́jọ́ tí mo gbálẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀.

Ó ní, "Ìyá mi, tí bàbá bá ti ń bọ̀ ni mo máa ń gbé e pamọ́."

Mo gbé ọmọ mi, ó di ilé bàbá mi n'Ípetu. Bí Àpìkẹ́ bá fọ ọmọrogùn tán báyìí, ìta gbangba ló ń sá a sí.

Àwọn ẹbí ní kí n padà nítorí ọmọ. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi bi wọ́n: ọmọ wo?