Àìsàn Àgùntàn Ti Wọ Kànga Wa

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń lejú mọ́ ọ níbi iṣẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀? Èmi bàbá rẹ wà láàyè, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà, òun náà sì máa ń gbà láti sinmi tí mo bá ti jókòó. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ nínú ìlú tí èrò pọ̀ sí. Kí ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ má sùn lọ́jọ́ tí o bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Àmín. Èmi fúnra mi ni mo ṣe àmín náà, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá.

Mo pè ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin kan ló ń gbé e, ó ní ẹni tí mo ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Mi ò bínú sí i, iṣẹ́ lè pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyí, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rán àlejò.

Àwọn àgùntàn mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú. Nígbà tí òjò ń rọ̀ léraléra ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kọ oúnjẹ, ìgbẹ́ wọn wá ń ṣàn bí omi, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, Elétí-kan tó máa ń sùn lábẹ́ fèrèsé mi ló kú gbẹ̀yìn. Àwọn èèyàn ní kí n lọ sin wọ́n sí ìkangun oko, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn jìn, ẹ̀yìn mi ò sì gba ẹrù mọ́. Ká má purọ́, èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n jìnnà. Láti ìgbà tí ìyá yín ti lọ, àwọn ni mo ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀. Mo gbẹ́ ilẹ̀ sókè kànga wa, níbi tí ìyá yín máa ń sá aṣọ sí, kò jìn ju orúnkún lọ, mo sì sin wọ́n síbẹ̀. Èmi rò pé ohun tí ilẹ̀ bá ti bò, ó ti bò ó nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì, dókítà ẹran wá láti ọ́fíìsì ìjọba, ọmọbìnrin bí ìwọ, ó gbé kúlà lọ́wọ́. Inú mi dùn, mo rò pé oúnjẹ ló gbé wá ká jọ jẹ, mo ti nu tábìlì. Àṣé yìnyín àti àwọn ìgò kéékèèké ló wà níbẹ̀. Ó bu erùpẹ̀ síbi mẹ́ta, lórí sàréè àwọn àgùntàn, létí kànga, àti láàárín méjèèjì, ó sì bu omi kànga náà. Ó wá fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè iye èèyàn tó wà nínú ilé, mo kọ márùn-ún: èmi, ìyá yín, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wò yíká, ó béèrè àwọn yòókù. Mo ní ìyá yín ti kú, ẹ̀yin sì wà níbi iṣẹ́. Kò pa á rẹ́ o. Ó kàn rọra béèrè pé nínú àwa márààrún, ta ló mu omi láàárọ̀ yẹn. Mo ní èmi. Ó kọ ọ̀kan kékeré sí ẹ̀gbẹ́ márùn-ún mi.

Ó ní bakitéríà ló pa àwọn ẹran náà. Mo béèrè pé ọmọ ta ni, torí mo rò pé ó ń dárúkọ ọ̀daràn kan. Ó ní rárá, kòkòrò tí ojú ò lè rí ni, inú ìgbẹ́ àti òkú ẹran ló ti ń jáde. Mo ní tí mo bá ti bò ó mọ́lẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà yẹn kò tíì kúrò létí mi. Ó ní, “Bàbá, ilẹ̀ kì í ṣe ògiri, asẹ́ ni.” Ó ní bí òjò bá ti ń wọlẹ̀, á máa fọ̀ wọ́n lọ láàárín erùpẹ̀, pàápàá ilẹ̀ oníyanrìn bíi tiwa, títí wọn á fi dé ibi tí omi kànga ti ń sun. Àwọn mìíràn á lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ tútù, wọn á dúró de òjò mìíràn.

Ní ọjọ́ kẹta ó pè mí. Ó ní àwọn rí bakitéríà náà nínú erùpẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn rí i nínú omi, kí n ti kànga pa lónìí, kí n sì sọ fún gbogbo ẹni tó ń pọn ún.

Ọmọ mi, ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyí. O mọ̀ pé ìyá aránṣọ àti ìyàwó káfíńtà ló máa ń wá pọn omi láràárọ̀. Orí bẹ́ǹṣì ni mo máa ń jókòó sí, wọn á kí mi, wọn á rojọ́, wọn á rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá ti lọ, ó di ọjọ́ kejì kí n tó tún gbọ́ ohùn èèyàn. Mo fi aṣọ funfun sẹ́ omi náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo wọ jígí ojú ìyá yín, mi ò rí nǹkan kan. Mo ní bóyá ẹ̀rọ wọn ló ṣì í. Nígbà tí wọ́n dé láàárọ̀, ìyá aránṣọ ń sọ nípa ṣòkòtò kan tó rán tí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, mo sì panu mọ́. Mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, mo tún panu mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta sí ìpè náà, wọ́n gbé ìyá tó bí káfíńtà, tó ń mu omi kànga wa nílé wọn, lọ sílé ìwòsàn. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń yà, arúgbó náà ò lè gbé orí sókè. Mo dé ilé wọn kí n tó rántí pé mi ò wọ bàtà. Mo sọ fún wọn pé omi mi ni. Mi ò sọ pé mo ti mọ̀ láti ọjọ́ méjì.

Káfíńtà wá kan pákó dí ẹnu kànga náà. Èmi ni mo ń na ìṣó sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, ibi ẹ̀rọ omi ilé ìwé ni wọ́n ti ń pọnmi. Mo ṣì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárọ̀. Adìyẹ ló ń kọjá.

Ọlọ́run ṣe é, arúgbó náà padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Mo lọ kí i, mo dúró títí yàrá fi dá, mo wá jẹ́wọ́ fún un pé mo ti mọ̀, pé mi ò kàn fẹ́ kí àwọn tó ń pọnmi dẹ́kun wíwá ni. Ó ní, “O ṣe ohun tó burú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, bóyá ọjọ́ mẹ́rin ni ǹ bá panu mọ́.” Mo sunkún níwájú rẹ̀ bí ọmọdé. Ìwọ nìkan ni mo tún sọ ọ́ fún.

Dókítà náà ti rán àwọn òṣìṣẹ́ wá hú òkú àwọn àgùntàn náà, wọ́n sin wọ́n jìnnà sínú kòtò jíjìn. Ó ní kànga náà lè má ṣeé mu títí di ọdún tó ń bọ̀. Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra táǹkì tí ọkọ̀ omi yóò máa rọ omi sí. Ẹni tó ń tà á ní kékeré ti tó fún ẹni kan ṣoṣo. Mo ní kó gbé èyí tó tóbi jù lọ pa mọ́ dè mí, tó ní ẹnu ẹ̀rọ méjì, kí ẹni méjì lè máa pọnmi lẹ́ẹ̀kan náà.

Omi tí o bá mu kò ní di àìsàn sí ọ lára. Ilé rẹ kò ní dá.

Èmi ni bàbá rẹ.